Ta ni áòtù nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ ẹni bá dí aṣọ́pápá lọ́wọ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ọ́mpáyà béèsìbọ́ọ̀lù

Àwọn ìbéèrè yìí ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọ́mpáyà, adájọ́ orí pápá, ní ìhà Kàbà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ìyàrá. Lórí pápá àwọn ẹgbẹ́ ńlá Amẹ́ríkà, inú kòtò tí wọ́n fi ọgbà sí níwájú ni ẹgbẹ́ tó ń lu bọ́ọ̀lù máa ń jókòó sí. Lọ́dọ̀ tiwa, abẹ́ igi kajú ni, ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí ìlà, báàgì àti omi inú ọ̀rá wà nílẹ̀ káàkiri. Ẹni tí kò lu bọ́ọ̀lù, tí kò sáré, lè dìde lórí bẹ́ǹṣì kó sì sọ arákùnrin rẹ̀ di áòtù, ìyẹn ẹni tí wọ́n mú tó gbọ́dọ̀ kúrò lórí pápá. Ìdí nìyẹn tí a fi kó ìbéèrè wọ̀nyí jọ sójú kan. Nọ́ńbà tí ẹ bá rí, ti ìwé òfin béèsìbọ́ọ̀lù tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá Amẹ́ríkà ń lò ni.

Kí ni ìdílọ́wọ́? Ṣé kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìdínà ni?

Rárá o. Ẹ fi báyìí há a sórí: asáré ló ni ọ̀nà, aṣọ́pápá ló ni ọwọ́. Asáré ni ọmọ ẹgbẹ́ tó ń lu, tó ń sáré láti béèsì kan dé èkejì; béèsì ni ibi mẹ́rin tí wọ́n sàmì sí lórí pápá. Aṣọ́pápá ni ọmọ ẹgbẹ́ kejì tó ń gbá bọ́ọ̀lù mú. Bí aṣọ́pápá tí kò mú bọ́ọ̀lù dání, tí kò sì máa gbá bọ́ọ̀lù kankan mú, bá dúró gbagidi sójú ọ̀nà asáré, ìdínà nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ pápá ló jẹ̀bi. Bí ẹgbẹ́ tó ń lu bá ṣe ohunkóhun tó dí aṣọ́pápá lọ́wọ́, tó ká a lọ́wọ́ kò tàbí tó dà á lójú rú nígbà tó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́, ìdílọ́wọ́ nìyẹn. Ẹnì kan máa jẹ́ áòtù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ọ́mpáyà, ẹ má pe méjèèjì ní "fáòlù" o. Fáòlù ni bọ́ọ̀lù tó bọ́ sí ìta ìlà, kò kan ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣé ó dìgbà tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?

Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí wọ́n ń wá ìdáhùn kan ṣoṣo fún ọ̀rọ̀ tó pín sí mẹ́rin.

Àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù tí wọ́n lù. Bí aṣọ́pápá bá ti ń lọ gbá a mú, asáré gbọ́dọ̀ yà fún un. Kò sí "mi ò rí i", kò sí "ẹsẹ̀ mi ló yọ̀". Tó bá kọlù ú tàbí tó dí i, áòtù ni, ó mọ̀ọ́mọ̀ o, kò mọ̀ọ́mọ̀ o.

Èkejì, bọ́ọ̀lù tí aṣọ́pápá jù. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù bá ṣèèṣì gbá asáré lẹ́yìn níbi tó ti ń sáré lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe, eré ń lọ. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ni: kó na ọwọ́, kó gbé èjìká, kó yà lọ síbi tí bọ́ọ̀lù ń gbà.

Ẹ̀kẹta, àwọn tí kì í ṣe asáré: ẹni tó kàn láti lu, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, kóòṣì tó wà létí béèsì. Òfin 6.01(b) ní kí wọ́n kúrò níbi tí aṣọ́pápá bá nílò, títí kan orí bẹ́ǹṣì wọn fúnra wọn. Òfin yẹn kò sọ̀rọ̀ èrò ọkàn rárá. Ẹni tó jókòó tí kò tètè dìde ti dí ni lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá fẹ́ pe ènìyàn méjì ní áòtù nítorí pé asáré fẹ́ ba áòtù méjì lẹ́ẹ̀kan náà jẹ́ lábẹ́ òfin 6.01(a)(6), ó gbọ́dọ̀ hàn kedere pé ó pinnu rẹ̀ ni. Ẹ má fi ìyà ẹni méjì jẹ wọ́n lórí "bóyá".

Ẹlòmíràn ló ṣẹ̀. Kí ló dé tí ẹni tí kò ṣẹ̀ fi ń jẹ́ áòtù?

Torí pé ẹni tó ṣẹ̀ lè ti jẹ́ áòtù tẹ́lẹ̀, tàbí kó ti wọlé gba pọ́ìǹtì, tàbí kó má tiẹ̀ sí lórí béèsì kankan. Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Òfin wá béèrè pé: ta ni aṣọ́pápá ì bá mú ká ní wọn kò dí i? Ẹni yẹn ló máa lọ.

Ẹ wò ó lọ́nà yìí. Ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì bá dí aṣọ́pápá tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n lù: ẹni tó lu bọ́ọ̀lù náà ni áòtù, gbogbo asáré á padà sí béèsì tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù fún alùbọ́ọ̀lù. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù tí aṣọ́pápá kan jù sí èkejì ni wọ́n dí, asáré tí wọ́n fẹ́ fi bọ́ọ̀lù yẹn mú ni áòtù, àwọn tó kù á padà sí béèsì tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ kẹ́yìn kí ìdílọ́wọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ìdáhùn mìíràn tún wà: alùbọ́ọ̀lù dí ẹni tó fẹ́ mú asáré ní béèsì ilé, níbi tí pọ́ìǹtì ti ń wọlé, asáré ń bọ̀ láti béèsì kẹta, áòtù kò tíì pé méjì. Asáré ni áòtù níbẹ̀, kì í ṣe alùbọ́ọ̀lù. Bí áòtù bá ti pé méjì, alùbọ́ọ̀lù ni, ínìn (ìpele eré tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń lu lẹ́ẹ̀kan) parí, pọ́ìǹtì kò sì wọlé.

Asáré tó ti jẹ́ áòtù ṣì dúró sójú ọ̀nà. Kí ni ká ṣe?

Òfin 6.01(a)(5): alùbọ́ọ̀lù tàbí asáré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ áòtù, tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tó bá dí ohun tí wọ́n ń ṣe láti mú asáré mìíràn, asáré mìíràn yẹn ni áòtù. Àlàyé kan wà nídìí rẹ̀ tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé: bó bá kàn ń bá eré rẹ̀ lọ, tàbí tó ń padà sí béèsì tó ti wá, ìyẹn nìkan kò tó ìdílọ́wọ́. Ènìyàn kì í pòórá lójijì. Ẹni tó ń sáré tagbáratagbára lọ sí béèsì kejì, tí wọ́n sì ti tẹ béèsì yẹn ní ìgbésẹ̀ méjì kó tó dé, kò ní ibi tó lè gbà.

Ẹ̀rí tó gbajúmọ̀ jù lórí èyí wáyé ní oṣù kẹwàá ọdún 1978, ní World Series, ìdíje àṣekágbá àwọn ẹgbẹ́ ńlá Amẹ́ríkà, eré kẹrin láàárín Yankees àti Dodgers ní New York. Ínìn kẹfà ni. Thurman Munson wà ní béèsì kejì, Reggie Jackson wà ní kìíní, áòtù jẹ́ ọ̀kan. Lou Piniella lu bọ́ọ̀lù tó ń fò nísàlẹ̀ sí Bill Russell ti Dodgers. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Russell, ó gbé e nílẹ̀, ó tẹ béèsì kejì, Jackson ti di áòtù nìyẹn. Russell wá jù ú sí béèsì kìíní láti mú Piniella. Jackson kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ó dúró sójú ọ̀nà, bọ́ọ̀lù gbá a ní ìbàdí, ó ta lọ sí ẹ̀gbẹ́, Munson sì wọlé. Tommy Lasorda, olórí kóòṣì Dodgers, jáde wá jà, ó ní ńṣe ni ó gbé ìbàdí sí i. Àwọn ọ́mpáyà kò pè é ní ìdílọ́wọ́. Yankees borí, 4 sí 3, ní ínìn kẹwàá. Ká ní wọ́n pè é ni, Piniella á jẹ́ áòtù kẹta, pọ́ìǹtì Munson á sì parẹ́ torí alùbọ́ọ̀lù kò tíì dé béèsì kìíní.

Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ẹ ń kọ́ wo ìbàdí àti èjìká, kì í ṣe ibi tí bọ́ọ̀lù bà. Asáré tó ń sá fún bọ́ọ̀lù máa ń tẹ orí ba tàbí kó sùn sílẹ̀. Èyí tó fẹ́ kí ó ba òun á máa wo ọwọ́ ẹni tó ń jù ú, ara rẹ̀ á sì ṣí sí apá ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà.

Alùbọ́ọ̀lù ti pàdánù ìgbà kẹta, ó wá ta gìrọ́ sí iwájú kẹ́ṣà, aṣọ́pápá tó wà lẹ́yìn béèsì ilé. Asáré ń jí béèsì kejì lọ lásìkò yẹn, ìyẹn ni pé ó ń sáré lọ gbà á láìdúró kí wọ́n lu bọ́ọ̀lù. Ta ni áòtù?

Àwọn méjèèjì. Alùbọ́ọ̀lù ti di áòtù nítorí ìgbà kẹta. Ó wá di "ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ áòtù" tó dí kẹ́ṣà lọ́wọ́, ìyà yẹn á lọ sórí asáré. Bí ìgbà kẹta kò bá tíì pé, alùbọ́ọ̀lù nìkan ni áòtù, asáré á sì padà. Ṣùgbọ́n ẹ mú sùúrù! Bí kẹ́ṣà bá jù ú síbẹ̀síbẹ̀ tó sì mú asáré, ẹ fi alùbọ́ọ̀lù sílẹ̀, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà ẹ nawọ́ sí i, ẹ kígbe "Ìdílọ́wọ́ nìyẹn!", kí ẹ sì dúró wo ibi tí bọ́ọ̀lù bá lọ kí ẹ tó pe táìmù.

Wọ́n pagbo yí béèsì ká ńkọ́?

Asáré tó ń bọ̀ síbẹ̀ ni áòtù, òfin 6.01(a)(4), bí wọ́n bá dúró tàbí kó jọ síbẹ̀ láti da aṣọ́pápá rú tàbí láti mú iṣẹ́ rẹ̀ nira. Béèsì ilé ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí lọ́dọ̀ wa, pàápàá bí eré bá ti fẹ́ parí tí gbogbo ará abẹ́ igi kajú bá ti sáré wọ pápá láti ki ẹni tó ń bọ̀. Ọ̀kún ò, ẹ kú ayọ̀. Ṣùgbọ́n kó tẹ béèsì ná.

Ẹni tó kàn láti lu ń gbé igi tí wọ́n fi ń lu bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀ nítòsí béèsì ilé. Ó ha burú?

Ohun tó dára gan-an ni, asáré lè fẹsẹ̀ gún igi. Ó tún lè máa fọwọ́ júwe fún asáré pé kó sùn tàbí kó dúró. Àmọ́ ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ni kó wà, kó má ṣe wà láàárín kẹ́ṣà àti bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá gbá a, tàbí tí kẹ́ṣà kọlù ú, asáré tó ń bọ̀ nílé ni áòtù. Gbogbo pọ́ìǹtì tí ẹgbẹ́ ti ń fi ínìn márùn-ún wá lè lọ bẹ́ẹ̀, nítorí igi kan tí kò ní ẹsẹ̀.

Bọ́ọ̀lù fò lọ sókè abẹ́ igi kajú wa. Aṣọ́pápá ń bọ̀, bẹ́ǹṣì kò sí nínú ọgbà kankan. Báwo ni a ṣe máa dá a?

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni ìdáhùn yìí wà. Ọ́mpáyà àti àwọn kóòṣì méjèèjì gbọ́dọ̀ rìn yí pápá ká, kí wọ́n fi ẹfun tàbí eérú fa ìlà síwájú bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fẹnu kò pé bọ́ọ̀lù tó bá kọjá ìlà yẹn ti kú. Ìwé òfin dámọ̀ràn pé kí àyè tó wà láti ìlà béèsì dé ọgbà tàbí ìdènà tó sún mọ́ ọn jù jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ó kéré tán, bíi mítà 18. Pápá ilé-ìwé kì í sábà ní i. Bí ẹ kò bá rí mítà 18, ẹ sún bẹ́ǹṣì sẹ́yìn dé ibi tí àyè bá gbà, kì í ṣe dé ibi tí òjìji bá wà.

Tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ojú ìlà yẹn ni ẹ máa wò. Bí aṣọ́pápá bá ṣì lè dé ibi bọ́ọ̀lù, tí àwọn tó jókòó kò sì dìde fún un, alùbọ́ọ̀lù ni áòtù. Bí wọ́n ti dìde, tí wọ́n ti gbé ara wọn kúrò, tí aṣọ́pápá sì kàn pàdánù rẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìwé òfin tún ní kí ẹgbẹ́ tó ń lu kó gbogbo ìbọ̀wọ́ àti ohun èlò wọn kúrò lórí pápá, inú ìlà àti ìta ìlà. Ọmọ tó ń ṣọ́ báàgì kékeré rẹ̀ sẹ́bàá béèsì kìíní, ẹ lé e kúrò kí ẹ tó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ewúrẹ́ ńkọ́? Ewúrẹ́ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ tó ń lu, ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní áòtù lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà, ẹ fẹnu kò lórí rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Kóòṣì tó wà létí béèsì ńkọ́?

Òfin ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù: tó bá ṣèèṣì bà á, eré ń lọ. Tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dí i, asáré ni áòtù. Tó bá di asáré mú, tó fà á tàbí tó tì í padà sí béèsì, asáré áòtù. Tí asáré bá wà ní béèsì kẹta, tí kóòṣì sì fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ láti tan aṣọ́pápá kó ju bọ́ọ̀lù sófo, áòtù náà ni.

Asáré sùn sílẹ̀ ó sì ré ẹni tó ń jù bọ́ọ̀lù ní béèsì kejì lẹ́sẹ̀. Ṣé ìdílọ́wọ́ ni?

Ẹ béèrè mẹ́rin nípa sísùn yẹn: ṣé ara rẹ̀ kan ilẹ̀ kó tó dé béèsì? Ṣé ó lè fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan béèsì, ó sì gbìyànjú? Ṣé ó gbìyànjú láti dúró lórí rẹ̀ lẹ́yìn tó dé? Ṣé kò yí ọ̀nà rẹ̀ padà kó lè kọlu aṣọ́pápá? Bí ìdáhùn kan bá jẹ́ rárá, tó sì kọlù ú tàbí gbìyànjú láti kọlù ú kó lè ba áòtù méjì jẹ́, òun àti alùbọ́ọ̀lù ni áòtù. Òfin yìí wọlé ní ọdún 2016 ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí Chase Utley ti Dodgers sùn lu Ruben Tejada ti Mets ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, tí egungun ẹsẹ̀ Tejada sì ṣẹ́. Lórí ilẹ̀ pupa líle tiwa lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, a gbà pé ó yẹ kí ọ́mpáyà le lórí èyí ju lórí ohun mìíràn lọ.

Alùbọ́ọ̀lù bá ju igi, tàbí akoto bá bọ́ lórí rẹ̀?

Odindi igi tó fò lọ dí aṣọ́pápá lọ́wọ́: ìdílọ́wọ́, bó tilẹ̀ ṣèèṣì. Igi tó kán, tí ìdajì rẹ̀ fò lọ: kò sí nǹkan. Akoto tó bọ́ ṣubú tí bọ́ọ̀lù ṣèèṣì bà: eré ń lọ.

Kẹ́ṣà àti alùbọ́ọ̀lù forí gbárí níwájú béèsì ilé ní kété tí ó lu bọ́ọ̀lù. Ta ló jẹ̀bi?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni. Ọ̀kan ń lọ sí béèsì kìíní, èkejì ń lọ gbé bọ́ọ̀lù, àwọn méjèèjì ló wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Ẹ rántí Ed Armbrister ti Cincinnati àti Carlton Fisk ti Boston ní World Series ọdún 1975, eré kẹta: wọ́n kọlu ara wọn ní ínìn kẹwàá, ọ́mpáyà Larry Barnett kò pe ìdílọ́wọ́, Cincinnati sì borí, 6 sí 5. Àwọn ará Boston kò dárí jì í bọ̀rọ̀.

Bọ́ọ̀lù lọ sókè, a ti pe alùbọ́ọ̀lù ní áòtù lábẹ́ òfin bọ́ọ̀lù òkè àárín pápá (infield fly). Ṣé asáré ṣì lè dí aṣọ́pápá?

Ó lè dí i, àwọn méjèèjì á sì jẹ́ áòtù. Òfin bọ́ọ̀lù òkè yẹn wà fún ìgbà tí áòtù kò tíì pé méjì tí asáré sì wà ní béèsì kìíní àti ìkejì, tàbí ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 2024, White Sox ń ṣe eré pẹ̀lú Orioles ní Chicago, ínìn kẹsàn-án, áòtù kan. Andrew Benintendi lu bọ́ọ̀lù lọ sókè, wọ́n pè é ní áòtù. Andrew Vaughn, asáré béèsì kejì, ń padà lọ sí béèsì rẹ̀, ó sì dí Gunnar Henderson ti Orioles lọ́nà sí bọ́ọ̀lù. Wọ́n pe òun náà ní áòtù. Eré parí, Orioles 8, White Sox 6. Gbogbo ayé pariwo pé Henderson ṣì gbá bọ́ọ̀lù mú. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wo ìdáhùn kejì lókè, apá àkọ́kọ́ rẹ̀: bọ́ọ̀lù tí wọ́n lù ni, ọ̀rọ̀ "kò mọ̀ọ́mọ̀" kò sí níbẹ̀.

Báwo ni ọ́mpáyà ṣe ń pè é, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan?

Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹ kígbe "Táìmù!" tó máa dé ọ̀dọ̀ aṣọ́pápá tó jìnnà jù. Ẹ nàka sí ẹni tó dí ni lọ́wọ́, ẹ sọ pé "Ìdílọ́wọ́ nìyẹn!" Ẹ nàka sí ẹni tó jẹ́ áòtù, tó lè jẹ́ ẹlòmíràn, ẹ pè é. Lẹ́yìn náà ni ẹ tó da àwọn asáré padà, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tó sún mọ́ ilé jù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ọ́mpáyà pe ẹni tó dí ni lọ́wọ́ ní áòtù, nígbà tó ti jẹ́ áòtù tẹ́lẹ̀. Áòtù kan á wá sọnù.

Ibi tí ẹ máa dá asáré padà sí ló ń fa ìjà jù. Bí alùbọ́ọ̀lù kò bá tíì dé béèsì kìíní nígbà ìdílọ́wọ́, gbogbo asáré á padà sí ibi tí wọ́n wà nígbà tí píṣà, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún alùbọ́ọ̀lù, ju bọ́ọ̀lù. Bó bá ti dé, wọ́n á padà sí béèsì tí wọ́n tẹ̀ kẹ́yìn kí ìdílọ́wọ́ tó wáyé. Ẹ jẹ́ kí ọ́mpáyà kejì máa wo ẹsẹ̀ alùbọ́ọ̀lù ní béèsì kìíní. Ẹni kan ṣoṣo kò lè wo méjèèjì.

Kóòṣì ní a kò rí i dáadáa. Ṣé ó lè pe ẹjọ́?

Kò lè pe ẹjọ́ lórí ohun tí ojú ọ́mpáyà rí, òfin 8.02(a). Ó lè sọ pé ọ́mpáyà lo òfin lódì, fún àpẹẹrẹ pé alùbọ́ọ̀lù ló pè ní áòtù dípò asáré. Lórí ìyẹn, ẹ pe ọ́mpáyà yòókù sí ẹ̀gbẹ́, ẹ gbìmọ̀ níbi tí àwọn ará abẹ́ igi kajú kò ní gbọ́, kí ẹni tó pè é lákọ̀ọ́kọ́ sì padà wá kéde rẹ̀ fúnra rẹ̀.